Iṣan ACL orúnkún mi ti já, ṣé kí n ṣe iṣẹ́ abẹ ni àbí kí n máa lò ó bẹ́ẹ̀?

Bọ̀ọ̀dáSólà

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí èmi fúnra mi máa béèrè nǹkan. Ọmọ ọdún 33 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe, ìyẹn ni pé orí òrùlé onílé ni ọ́fíìsì mi wà, àkàbà ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn a lọ gbá bọ́ọ̀lù àárọ̀ Sátidé bí a ṣe máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ta mí nípàá o, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó fara kàn mí rárá. Mo sáré dé ìdí bọ́ọ̀lù, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gúnlẹ̀ kí n lè yí sọ́wọ́ òsì, bàtà há sílẹ̀, ara mi yí, orúnkún ò yí. Mo gbọ́ "pó!" bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ, ẹni tó ń ṣọ́ mi náà gbọ́ ọ. Ó dùn mí wọ eegun fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ló wá dà bíi pé ó ti lọ, mo dìde, mo ní kí n máa gbá a lọ, ìgbà tí mo gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀ báyìí ni orúnkún yẹn yẹ̀ gẹ́rẹ́ lábẹ́ mi bíi pé kì í ṣe tèmi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti wú tó àgbọn.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá fi òrí àti nǹkan dúdú kan ra á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń fà á, ó ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń ké bí ọmọ tuntun. Wíwú yẹn lọ lóòótọ́. Mo ní ó ti tán nìyẹn, mo padà síṣẹ́. Ọjọ́ kẹta tí mo padà, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, páńẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ mi, orúnkún tún yẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí, ìgbésẹ̀ méjì péré ló kù kí n kanlẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì ò ríbi yọ ní tiẹ̀.

Mo wá lọ ṣe MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ACL, iṣan tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun láàárín orúnkún, ti já pátápátá, meniscus (tìmùtìmù tó wà láàárín eegun méjèèjì) tó wà lápá inú náà ya díẹ̀. Dókítà eegun ní iṣẹ́ abẹ ni, pé wọ́n máa mú iṣan níbòmíì lára mi, wọ́n á fi ṣe òmíràn. Iye tí wọ́n pè, mo kọ́kọ́ rò pé nọ́ńbà fóònù ni wọ́n kọ fún mi. Màmá mi ní òun ò ní gbà kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ọmọ òun nítorí bọ́ọ̀lù. Ìyàwó mi ní tí mo bá já látorí òrùlé ńkọ́.

Ṣé dandan ni ká ṣe é? Kí ló dé tí wọn ò lè rán èyí tó já pọ̀ tó fi jẹ́ pé ibòmíì ni wọ́n máa lọ gé? Àti pé báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kí n tó padà sórí òrùlé, torí mo ní ọmọ méjì àti ọmọ iṣẹ́ méjì. Ẹ má bínú pé ó gùn.

ÌyáAlájé

Pẹ̀lẹ́ o ọmọ mi, Ọlọ́run á fọwọ́ ìwòsàn tọ́ ọ. Èmi ò mọ ACL o, ohun tójú mi rí ni mo mọ̀. Àbúrò ọkọ mi já lórí ọ̀kadà, eegun ojúgun ẹ̀ ṣẹ́ sí méjì, ọsibítù ní irin làwọn máa kì bọ̀ ọ́, a gbé e kúrò níbẹ̀ lóru, a gbé e lọ sílé bàbá kan tó ń to eegun, wọ́n fi ọparun dì í. Títí dòní ó ń fi ẹsẹ̀ yẹn gun kẹ̀kẹ́. Màmá ẹ ò jẹ̀bi. Kí wọ́n gé ọ níbi tí kò dùn ọ́ kí wọ́n lè tún ibi tó ń dùn ọ́ ṣe, ṣé ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu? Fi òrí àti àdí máa ra á, fi omi gbígbóná jó o, kó o sì pa bọ́ọ̀lù tì.

Ẹlẹ́sẹ̀Kan

Ẹ kú ọ̀rọ̀ màámi. Òótọ́ lẹ sọ nípa àbúrò ọkọ yín, àmọ́ eegun lèyí tó ṣẹ́ nígbà yẹn. Eegun tó ṣẹ́, tí ojú ẹ̀ bá kora dáadáa, á mú ara ẹ̀. Iṣan àárín orúnkún yìí, tó bá já, bí okùn tó já sínú kànga ló rí, ìdí kan lókè, ìdí kan nísàlẹ̀, òrí tí ẹ ń fi ra á níta ò débẹ̀ láéláé.

Bọ̀ọ̀dá Sólà, èmi náà ti rin ọ̀nà yẹn, ọdún kẹta rèé. Tèmi kì í ṣe bọ́ọ̀lù, ọ̀kadà ni. Oṣù mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ fi ń lò ó bẹ́ẹ̀, mo ra rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ sórúnkún lọ́jà, mò ń wọ̀ ọ́ káàkiri, síbẹ̀ ó ń yẹ̀. Ó yẹ̀ ní báńkì, ó yẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ọjọ́ tó yẹ̀ tí mo gbé ọmọ mi dání ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun tẹ́nì kankan ò sọ fún mi ṣáájú ni pé iṣẹ́ abẹ yẹn gan-an kọ́ ni ìjà. Mo sùn, mo jí, wọ́n ti ṣe é tán. Ihò kéékèèké lójú orúnkún àti ojú abẹ kan lábẹ́ ẹ̀ níbi tí wọ́n ti fa iṣan ẹ̀yìn itan yọ, ìyẹn náà ni. Ọjọ́ kejì lojú mi wá là. Físíò, ẹni tó ń fi eré ìmárale tún ara ṣe, wọlé, ó ní kí n na ẹsẹ̀, kí n mú itan le. Mo wò ó. Mo ní kó le. Kò le. Mo na ọwọ́ fọwọ́ kàn án, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n séwé. Kì í tiẹ̀ ṣe ìrora, ó kàn ń wò mí níran ni, bíi pé ẹsẹ̀ aládùúgbò ni. Èmi tí mo ti ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì láti kékeré, mi ò lè gbé gìgísẹ̀ mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko! Lọ́jọ́ karùn-ún ni nǹkan kékeré kan sún kẹ́rẹ́ lókè orúnkún, mo pariwo pe ìyàwó mi bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Iná ò dúró ládùúgbò wa, fíríìjì ò ran ara ẹ̀ lọ́wọ́, píọ̀ wọ́tà dídì là ń rà lọ́wọ́ ìyá tó wà ní jọ́ńṣọ̀n, wọ́n á wé e sínú tówẹ̀lì, wọ́n á gbé e lé orúnkún fún bí ogún ìṣẹ́jú. Tó bá yọ́ tán ọmọ mi á gbé e mu. Ìyá mi wá ki ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún mi torí ó ń tù mí lára bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí físíò bá a níbẹ̀ ó fi ìbínú yọ ọ́ dànù, abẹ́ gìgísẹ̀ ló ki tówẹ̀lì sí kí orúnkún lè máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ní tí orúnkún bá kọ́ àṣà kíká, nínà ẹ̀ á di ogun. Lóṣù kejì télọ̀ tó wà níwájú ilé wa bá mi fi téèpù wọn itan méjèèjì, ọ̀kan fi ínṣì kan àtààbọ̀ kéré sí ìkejì ẹ̀. Apá kan ṣòkòtò mi ń fẹ́ bí àsíá.

Tí owó tí ẹ ní bá tó iṣẹ́ abẹ nìkan, tí kò tó físíò oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ má tíì ṣe é. Ojú ara mi ni mo fi rí ẹni tó ṣe é tán tó lọ jókòó sílé, orúnkún ẹ̀ ò yẹ̀ mọ́ lóòótọ́, kò kàn lè nà tán mọ́ ni.

FísíòLeeds

Ẹ ǹlẹ́ o. Físíò ni mí, ọmọ Òṣogbo, Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mi ò fọwọ́ kan orúnkún yín o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka èyí.

Ìdí tí wọn kì í fi í sáábà rán an: ìlú tí mo wà yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ní 1895 dókítà kan tó ń jẹ́ Mayo Robson rán iṣan tó já nínú orúnkún awakùsà ẹni ọdún 41. Ọ̀pọ̀ dókítà ló tún ń rán an bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló sì ń tú. Omi kan wà nínú oríkèé tó ń jẹ́ kó máa yọ̀, bí ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì, omi yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì síbi tó já. Tí ẹ bá gé lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á dì, èépá á bò ó, abẹ́ èépá yẹn lara ti ń hun ara ẹ̀ pa dà. Nínú orúnkún, ta ló fẹ́ dá èépá sílẹ̀? Àwọn ọ̀nà tuntun kan wà báyìí tí wọ́n tún fi ń gbìyànjú àtirán an, àmọ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ni pé kí wọ́n fi iṣan míì rọ́pò ẹ̀. Hey Groves ti ṣe irú ẹ̀ ní Bristol ní 1917, ó gé iṣan pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ó lu eegun, ó fà á gba inú ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ṣe fún yín náà nìyẹn, àfi pé kámẹ́rà tín-ínrín ni wọ́n fi ń wo inú báyìí, wọn kì í la orúnkún gbayawu mọ́.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, á tètè yé yín. Dírílì ni. Ihò kan gba eegun ojúgun kọjá, òmíràn wọ eegun itan, ìbú ẹ̀ bíi mìlímítà 8 sí 10, wọ́n á fa iṣan tuntun gba inú méjèèjì, wọ́n á fi súkúrúù tàbí bọ́tìnì irin kékeré mú un lókè àti nísàlẹ̀. Súkúrúù yẹn ò ní máa gbé ẹrù lọ títí, ó kàn ń dì í mú kí eegun tó hù mọ́ ọn ni.

Ibi tí wọ́n ti ń mú iṣan ọ̀hún: ẹ̀yìn itan, tí wọ́n á ṣẹ́ po sí mẹ́rin kó lè nípọn, tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta iṣan tó wà lábẹ́ eegun pẹlẹbẹ iwájú orúnkún, tàbí èyí tó wà lókè eegun yẹn. Àwọn ibòmíì ń lo ti òkú tí wọ́n fi tọrẹ, mi ò kì í sáábà fara mọ́ ọn fún ọ̀dọ́ torí ó máa ń tètè já lára wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín èwo ló ní lọ́kàn, kí ẹ sì sọ fún un tí iṣẹ́ tàbí ẹ̀sìn yín bá ní kíkúnlẹ̀ nínú.

Ṣé dandan ni? Rárá, kì í ṣe fún gbogbo èèyàn, àwọn dókítà eegun kan ò sì ní fẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ní Sweden wọ́n kó ọ̀dọ́ 121 jọ tí ACL wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já, wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n ní kí apá kejì kọ́kọ́ ṣe físíò ná, kí ẹni tí orúnkún ẹ̀ bá ṣì ń yẹ̀ padà wá. 2010 lèsì àkọ́kọ́ jáde, wọ́n tún padà wò wọ́n lẹ́yìn ọdún márùn-ún: bí ìdajì nínú apá kejì ò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan, bẹ́ẹ̀ orúnkún apá méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò ni bóyá orúnkún ń yẹ̀. MRI kì í gun àkàbà. Àwọn kan wà tí ti wọn já pátápátá, tí wọ́n mú itan wọn le, tí kò yẹ̀ mọ́. Àmọ́ tó bá ń yẹ̀ ṣáá, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yẹ̀ ló ń fi eegun lọ meniscus yín, ìyẹn wáṣà tó wà láàárín eegun méjì, tí wáṣà bá sì ti jẹ tán kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á.

Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè méjì kan: ṣé ó máa ń há, kó má lè nà kó má lè ká, títí tí ẹ ó fi mì í? Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì, ṣé ẹ̀yìn orúnkún ọ̀tún kan ilẹ̀ bíi ti òsì?

Bọ́ọ̀lùNìkan

Ẹ̀gbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Boniface agbábọ́ọ̀lù, ọmọ Àkúrẹ́, ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣan orúnkún ẹ̀ já nígbà tó wà ní Bodø/Glimt ní Norway, ní 2024 ó wà nínú Leverkusen tó gba líìgì Jámánì láì fìdí rẹmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Van Dijk náà, October 2020 ni tiẹ̀ ní eré Everton, sáà tó tẹ̀ lé e ó ti padà sídìí iṣẹ́. Ẹ ṣe é jàre, kí ẹ padà sí pápá.

Nọ́ńbà7

@Bọ́ọ̀lùNìkan ẹ rọra o. Àwọn tí ẹ dárúkọ yẹn, físíò ń jí wọn láàárọ̀, físíò ń tẹ́ wọn sùn lálẹ́, owó oṣù wọn sì ń wọlé bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀. Èmi gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì wa, nọ́ńbà méje ni mí. Orúnkún òsì mi lọ lórí pápá tí òkúta ju koríko lọ. Wọ́n ṣe é fún mi, ó sì dára, oṣù karùn-ún mò ń sáré, kò sí ìrora kankan, kóòṣì wa ní a ní eré pàtàkì kan, ó ní ogún ìṣẹ́jú péré. Ìṣẹ́jú kọkànlá ni. Mo gbọ́ ìró yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kì í ṣì í gbọ́. Mi ò tiẹ̀ sunkún nítorí ìrora, mo sunkún torí mo mọ iye oṣù tó wà níwájú mi.

Àwa obìnrin, tiwa máa ń já ju ti ọkùnrin lọ nínú bọ́ọ̀lù, ìlọ́po méjì ó kéré tán. Ní sáà 2022 sí 2023 Arsenal àwọn obìnrin pàdánù mẹ́rin sọ́wọ́ ACL: Beth Mead, Miedema, Leah Williamson, Wienroither. Putellas náà nìyẹn ní 2022, ẹni tó gba Ballon d'Or. Wọ́n ń wá ìdí ẹ̀ nínú ìbàdí, nínú ọ̀mọ́ònù, nínú bàtà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ọkùnrin ṣe mọ́ọ̀dù ẹ̀, èmi ní kí wọ́n wá wo pápá wa ná.

Ọ̀rọ̀ kíkúnlẹ̀ tí Àǹtí Físíò mẹ́nu bà, ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀yìn itan ni wọ́n ti mú tèmi, ìgbà kejì ó di iwájú orúnkún. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ó dì mú dáadáa, kò yẹ̀ mọ́, àmọ́ ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi lórí táìsì, àfi bí ẹni kúnlẹ̀ lé ìṣó. Wọ́n ní kí n dìde, mi ò lè dìde, wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ ilé ló pọ̀ lára mi bẹ́ẹ̀. Ó ti ń dín kù báyìí, síbẹ̀ ìrọ̀rí kékeré kì í kúrò nínú báàgì mi. Ẹni tó bá ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ yẹ kó ti sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé abẹ.

FísíòLeeds

Nọ́ńbà7, pẹ̀lẹ́. Ìtàn oṣù karùn-ún yẹn mo ń gbọ́ ọ lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú torí ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀ ọ́n. Iṣan tí wọ́n fà wọlé yẹn, wọ́n ti gé e kúrò níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ́ ọ, sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun tó wọnú ẹ̀, kó tó wá máa di lígámẹ́ǹtì gidi, ìyẹn iṣan tó ń so eegun mọ́ eegun. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá ló ń rọ̀ jù, ìgbà yẹn gan-an ni wíwú ti lọ, tí ìrora ti lọ, tí èèyàn ń sọ pé ara mi ti yá. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe láàárín Oslo ní Norway àti Delaware ní Amẹ́ríkà, 2016 ló jáde: oṣù kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fi dúró kó tó padà sí eré ìdárayá, títí dé oṣù kẹsàn-án, ewu kí orúnkún tún bàjẹ́ ń fi nǹkan bí ìdajì dín. Lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án náà, a ṣì máa ní kí ẹ fò lẹ́sẹ̀ kan, ká fi ẹ̀rọ wọn agbára itan, tí kò bá tíì tó 90 nínú 100 ti ẹsẹ̀ kejì, a ò ní gbà.

Òrùlé: ẹ fi oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà sọ́kàn, ó dá lórí bí itan bá ṣe le tó. Iṣẹ́ ìjókòó, ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Bọ̀ọ̀dáSólà

Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín, Ọlọ́run á san án. Àǹtí Físíò, kì í há o, ó kàn ń yẹ̀ ni. Mo ṣe ti jíjókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, ìyàwó mi ló bá mi wò ó: abẹ́ orúnkún òsì, bébà ò lè gba ibẹ̀, abẹ́ ọ̀tún, ìka rẹ̀ méjì wọlé bọrọ́. Èmi rò pé bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí láti ọjọ́ wá nìyẹn. Ṣé ìyẹn burú?

FísíòLeeds

Kò burú bí ẹ bá tètè mójú tó o. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé abẹ lé orúnkún tí kò nà tán, tàbí tó ṣì wú, tàbí tí itan ẹ̀ ti joro. Bó ṣe bá wọ tíátà ló ṣe máa jáde, ó sì máa ń le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Tówẹ̀lì sábẹ́ gìgísẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ mú itan le, ẹ kà dé márùn-ún, ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ tún un ṣe títí tó fi máa rẹ̀ yín. Kẹ̀kẹ́ adúró-sójú-kan tí ẹ bá rí i. Ẹ wá físíò gidi tó máa rí yín lójúkojú, èyí tí mò ń kọ síbí kò tó. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta, ẹ wà lórí ilẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ gun òkè. Tí kò bá yẹ̀ mọ́, ẹ tún rò ó. Tó bá ṣì ń yẹ̀, fún ẹni tó ń gun òrùlé jẹun, ìdáhùn mi ni: ẹ ṣe é. Bọ́ọ̀lù ò sí nínú ìṣirò mi rárá.

ÌyáAlájé

Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́, okùn kànga. Ẹ ṣáà má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Físíò, orúnkún tèmi náà máa ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ó sì máa ń gan tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣé ACL nìyẹn?

FísíòLeeds

Kì í ṣe ACL màámi, àfi tí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù tí ẹ ò sọ fún wa. Ẹ kọ tiyín sọ́tọ̀ kí n lè bi yín léèrè dáadáa.

Bọ̀ọ̀dáSólà

Ẹ káàsán o, ó ti lé lóṣù mẹ́ta, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo rí físíò kan tó dára, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìka ìyàwó mi ò wọ abẹ́ orúnkún mọ́, ọ̀sẹ̀ kẹrin ló nà tán. Itan náà ti ń le. Ọmọ iṣẹ́ ń gun òrùlé, èmi ń so ínfátà àti bátìrì nísàlẹ̀, owó tó ń wọlé dín kù díẹ̀ àmọ́ kò já.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó ṣì ń yẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta. Ìgbà tó kẹ́yìn, mo fẹ́ da gọ́tà kékeré tó wà níwájú ilé màmá mi kọjá, màmá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí i bó ṣe yẹ̀ lójú ara wọn, bí mo ṣe di géètì mú. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ike owó àjọ wọn jáde, wọ́n ní èló ló kù. Nítorí náà a ti mú ọjọ́, oṣù tó ń bọ̀. Mo bi dókítà léèrè ibi tó fẹ́ ti mú iṣan, mo sọ fún un pé mò ń kírun, pé mo sì ń fi orúnkún rìn lórí páànù nígbà míì, ó wò mí, ó ní ta ló kọ́ mi, ó ní ẹ̀yìn itan ni nígbà náà. Owó físíò oṣù mẹ́fà náà, mo ti yà á sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ krọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá tí wọ́n ń kì bọ abíyá rìn, ló kù, ṣé èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ọsibítù dára àbí kí n wá a lọ sáàárín ìgboro?

Ẹlẹ́sẹ̀Kan

Ẹ má rà á. Tèmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, aṣọ ni wọ́n ń sá sí i. Mọ́kọ́lá ni mò ń gbé, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ kí n júwe ilé. Ó ṣe é fà gùn ṣe é fà kúrú. Rọ́bà ìdí ọ̀kan ti jẹ, ẹ ra tuntun sí i kí ẹ tó fi tẹ ilẹ̀ tó tutù.